Oró àti Ẹ̀rọ̀ Nínú Ilẹ̀ Kan Náà

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo ṣí àpótí olóoru tí a fi ń tọ́ kòkòrò nínú láàbù, mo fa abọ́ pẹlẹbẹ kan jáde, mo gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti tẹ́ kòkòrò tí à ń pè ní Staphylococcus aureus, èyí tó máa ń fa eéwo àti ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, sórí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ nínú abọ́ náà. Ó ti hù bo gbogbo rẹ̀ mọ́jú, bí ìgbà tí ọ̀rá wàrà bá bo ojú ìkòkò. Ibì kan péré ni kò lè dé. Ní àárín gbùngbùn, níbi tí mo ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan kòkòrò tí mo yọ láti inú irú Ṣábẹ̀ẹ́, ohun kan ti wú síbẹ̀, ó funfun, ojú rẹ̀ hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tó gbẹ. Òrùka kan yí i ká. Ó mọ́ gaara, èèyàn lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: mílímítà mẹ́rìndínlógún.

Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń wo irú òrùka bẹ́ẹ̀, àyà mi ṣì máa ń lù kì-kì-kì bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí òrùka náà ń wí ni pé ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò rí ti tú oró jáde, oró náà sì ti lé ẹ̀dá mìíràn sẹ́yìn. Láti inú irú oró bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí a fi ń wo òtútù àyà, ikọ́ ife, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti egbò ti wá, àwọn tí òyìnbó ń pè ní antibáyótíìkì. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti ń fi oró bá ara wọn jà nínú ilẹ̀ àti nínú ìkòkò kí a tó dáyé. Àwa kàn yá ohun ìjà wọn lò ni. Ẹni tó sì ń ro oró kò lè ṣe kó má ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni oró yóò kọ́kọ́ pa. Ọ̀rọ̀ oró àti ẹ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ni ó dé bá wa nílé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá gba títì Kútọnu lọ sí Parakou yóò ti máa wo àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn kó tó wọ ìlú. Lábẹ́ àpáta yẹn, ní ìkọjá ojú irin, ìyá kan wà tó ń se irú. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti máa ń gbé èso igi igbá kaná, iná kò sì ní kú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Á dà á sínú odó, á fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí èèpo dúdú lè bọ́ láìfọ́ ẹ̀yà inú. Á fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta, mẹ́rin, á tún un sè. Bó bá jinná tán, á sẹ́ omi rẹ̀ dànù, á bu yanyankú díẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n fi kóró ìṣápá ṣe, tí òun náà ti kọ́kọ́ sùn nínú ìkòkò tirẹ̀. Á wá kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n tí ó tẹ́ ewé sí, á fi àpò bò ó, á gbé òkúta lé e. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan agbọ̀n yẹn ní ọjọ́ kejì, ẹ óò rò pé ẹ̀yinná wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀. Ooru àwọn ẹ̀dá tó ń jẹun ni. Bí ẹ bá ṣí i, ó ń yọ̀, ó ń fà bí ilá, òórùn rẹ̀ ń gún imú.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìgò kékeré wá bá a, ó dúró, ó wò mí.

“Ìwọ ọmọ yìí, irú tí èèyàn ń fi sọ́bẹ̀ lo ń rọ sínú ìgò oògùn?”

“Ẹ má bínú, ìyá. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ igbá di irú ni.”

“Èmi náà kọ́ nìyí?”

Òun náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí rí. Paulin Azokpota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Abomey-Calavi tẹ ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí afitin, irú àti sonru, oríṣi mẹ́ta tí à ń ṣe láti ara igbá ní ilẹ̀ Benin. Bacillus subtilis ni wọ́n bá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú wọn. Ìdí tó fi jọba kò ṣòro. Bí omi bá ń hó, kòkòrò yòókù á kú, àmọ́ Bacillus mọ bí a ti ń ká ara ẹni jọ di kóró líle, bí èso tó dúró de òjò. Bí omi bá rọlẹ̀, á hù. Òun á wá bá oúnjẹ rẹpẹtẹ nílẹ̀ láìsí ẹlẹgbẹ́. Kó má baà jẹ́ pé àlejò mìíràn wá bá a pín in, á tú oró sí i. Ní Burkina Faso, níbi tí wọ́n ti ń pe irú ní sumbala, ìwádìí tí Ouoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 fi hàn pé Bacillus inú rẹ̀ ń dènà onírúurú kòkòrò. Ìkòkò ìyá yìí jẹ́ pápá ogun, ẹni tó sì ṣẹ́gun ni à ń fi sọ́bẹ̀ ẹ̀fọ́.

Nígbà tí mo fi àwòrán òrùka yẹn han àwọn ará ilé, wọ́n hó yèè, wọ́n ní mo ti rí oògùn. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Bí ẹ bá kán omi Javel tí a fi ń fọṣọ sínú abọ́ kan náà, yóò ṣe òrùka tó ju ti irú lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa gbé Javel fún ọmọ mu. Ohun tó ń pa kòkòrò nínú abọ́ lè pa èèyàn, ó sì lè jẹ́ pé nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní lágbára kankan. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni pé kí ó jẹ́ ohun tí ayé ti mọ̀ tipẹ́. Oṣù méje ni a fi tọpa oró inú irú yẹn. A tọ́ kòkòrò náà nínú omi ọbẹ̀, a fi asẹ́ yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, a pín omi tó kù sí ọ̀nà méjìlá, a dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, a mú èyí tó ṣe òrùka, a tún pín in. Nígbà tó kù sí ìwọ̀n ìyẹ̀fun tí kò tó orí èékánná, a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan lókè òkun tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo èròjà. Èsì dé pé ọmọ ìyá bacitracin ni.

Àwọn tó bá ti gbọ́ orúkọ yẹn mọ ìtàn rẹ̀. Ní New York ní 1943, wọ́n rí Bacillus kan nínú ọgbẹ́ ọmọdébìnrin kan tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ó ń pa àwọn kòkòrò yòókù nínú ọgbẹ́ náà. Tracy ni ọmọ náà ń jẹ́. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Bacillus, oògùn bá di bacitracin. Ó dára lójú awọ, àmọ́ bí wọ́n bá gún un bí abẹ́rẹ́, kíndìnrín ló ń bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi kù sínú ìpara. Oṣù méje wa mú wa padà sí 1943. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún jọ nínú kòkòrò inú ilẹ̀ tí à ń pè ní Streptomyces, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ṣe streptomycin, oògùn tí ayé ti mọ̀ tipẹ́, àwọn mìíràn á sì máa ṣe èyí tó tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja tí gbogbo àwọ̀n ti kó ni àwọ̀n tuntun kọ́kọ́ ń kó.

Síbẹ̀, ẹnu mi kò lè sọ pé ilẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ẹ bi àwọn ará Pọ́bẹ̀, Nàgó bíi tiwa, léèrè nípa egbò Buruli. Àrùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tí kò dunni. Lẹ́yìn náà ni awọ á kú, á ṣí, egbò á sì fẹ̀ títí apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọdé á fi wọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ ni ìrètí ibẹ̀. Ní 2007, Annick Chauty àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìtọ́jú Pọ́bẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde. Aláìsàn 224 ni wọ́n fún ní rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn 215 ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún, 102 nínú wọn kò sì fojú kan ọ̀bẹ rárá.

Oògùn méjèèjì yìí, inú ilẹ̀ ni. Albert Schatz, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àjàalẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Rutgers ní Amẹ́ríkà, ló yọ streptomycin ní 1943, láti ara Streptomyces tó rí nínú ilẹ̀ oko tí wọ́n da ìgbẹ́ ẹran sí àti nínú ọ̀fun adìẹ. Ìpìlẹ̀ rifampicin jáde láti inú ìkúnwọ́ ilẹ̀ igbó kan létí òkun ilẹ̀ Faransé, ní 1957. Ní 2020, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Ghana àti ní ilẹ̀ Benin fi hàn pé èèyàn lè fi hóró clarithromycin rọ́pò abẹ́rẹ́ streptomycin, kí ọmọdé bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Ara erythromycin ni wọ́n ti yọ clarithromycin, láti inú ilẹ̀ Iloilo ní Philippines sì ni erythromycin ti jáde. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ Philippines pàdé lára àwọn ọmọ Nàgó ní Pọ́bẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì san.

Àwọn àgbàlagbà etí odò Ouémé àti odò Ọ̀pàrà náà ní tiwọn láti sọ. Wọ́n rántí eṣinṣin dúdú kékeré tó ń jẹ èèyàn lójú omi, tí ojú sì ń fọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọ́n rántí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ìdúró èèyàn láti mọ iye hóró ivermectin tó máa gbé mì. Kì í ṣe bakitéríà ni oògùn yẹn ń bá jà, aràn ni, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló gbà wá. Satoshi Ōmura, ọmọ Japan, ló bu ilẹ̀ nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan, ó rí Streptomyces kan nínú rẹ̀. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn náà tọrẹ, ní 2015 sì ni Ōmura àti William Campbell gba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀rọ̀ Iloilo yẹn kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi. Dókítà Abelardo Aguilar ló bu ilẹ̀ náà ní 1949, ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eli Lilly tó ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n pa owó ńlá lórí erythromycin. Aguilar kú ní 1993 láìgba kọ́bọ̀ nínú èrè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó béèrè. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn nínú àpòòwé. Lónìí, Àdéhùn Nagoya tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, tí orílẹ̀-èdè Benin náà tọwọ́ bọ̀, sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí a tó gbé ẹ̀dá inú ilẹ̀ rẹ̀ lọ, kí a sì fohùn ṣọ̀kan lórí bí èrè yóò ṣe pín. Kí n tó fi ìyẹ̀fun irú yẹn ránṣẹ́, mo kọ orúkọ ìlú àti ti ìyá onírú sínú ìwé àdéhùn. Àwọn kan rò pé mo ń ṣe àṣejù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ abọ́ kejì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gbé òwú kan wá fún wa láti ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, ọyún ló wà lórí rẹ̀. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, zémijàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí ọkọ̀ gbá lójú títì. Egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, ó yọ síta. Wọ́n ti tò ó, àmọ́ ọgbẹ́ náà kò jinná. Wọ́n ti fún un ní oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n wo irú kòkòrò tó wà níbẹ̀. Mo tẹ́ kòkòrò náà sínú abọ́, mo to ẹ̀là bébà róbótó méjìlá sí i, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí òrùka yọ yí àwọn bébà náà ká. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sójú fèrèsé kan náà. Kòkòrò náà, tí à ń pè ní Acinetobacter, ti hù dé etí bébà kọ̀ọ̀kan, ó gun orí òmíràn. Kò sí òrùka kankan.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ó yè. Ó ń ta káàdì fóònù nísinsìnyí.

Ìwé ìròyìn Lancet gbé ìṣirò kan jáde ní 2022 pé lọ́dún 2019, èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ló kú tààrà látọwọ́ bakitéríà tí kò gbóògùn lágbàáyé. Apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa ló burú jù, èèyàn 27 nínú 100,000. Tí mo bá ka iye yẹn, abọ́ tí kò ní òrùka ni mo ń rí.

Níbo ni ẹ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí oògùn ran àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti dé ọwọ́ wọn? Inú ilẹ̀ kan náà tí oró ti wá ni. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ilẹ̀ dídì kan ní apá àríwá ayé, tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 30,000 ọdún. Wọ́n bá ẹ̀rọ̀ penicillin, ti tetracycline àti ti vancomycin nínú rẹ̀, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé hóró oògùn mì láyé. Ẹ̀rọ̀ ti wà tipẹ́, ìwọ̀nba ẹ̀dá ló ní i. Àwa la sọ ọ́ di ohun tí gbogbo kòkòrò ń wá kiri. Bí ẹ bá da oró sí ogunlọ́gọ̀ kòkòrò, tí kò sì tó pa gbogbo wọn, àwọn tó ní ẹ̀rọ̀ ló máa kù, àwọn ni wọ́n á bímọ. Bakitéríà kì í sì í dúró de ọmọ bíbí. Ó lè fa ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lé aládùúgbò tí wọn kò jọ jẹ́ ẹbí lọ́wọ́, bí ẹni fún ọ̀rẹ́ ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́. Alexander Fleming, tó kọ́kọ́ kíyè sí penicillin ní 1928, kìlọ̀ fún ayé ní 1945, nígbà tó gba Nobel, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò lè ra oògùn náà lọ́jà, tí yóò lò ó ní ìlò tí kò tó, tí yóò sì kọ́ kòkòrò ní bí a ti ń kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ náà ti dé tipẹ́. Ẹ rìn dé ibùdókọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan á gbé àwo rù kọjá, kápúsù pupa òun yẹ́lò nínú oòrùn, a lè ra méjì péré. Wọ́n ń lò ó fún inú rírun, fún àárẹ̀ oko ìrèké, fún ọ̀fìnkìn tí kò kan bakitéríà rárá. Ní February 2017, àwọn ọlọ́pàá kó ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, níbi tí òwò oògùn ojú títì fìdí sí jù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwo orí ọmọbìnrin yẹn ṣì ń kọjá, nítorí oògùn ilé ìwòsàn jìnnà, owó rẹ̀ sì ga fún ẹni tí kò tíì kórè. Mi ò bá ọmọbìnrin náà jà. Mo ń sọ fún ẹni tó ń rà á pé kápúsù méjì kò wo ohunkóhun sàn, ó kàn ń ṣa àwọn kòkòrò tó ní ẹ̀rọ̀ yọ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni.

Ti adìẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Colistin, oògùn kan tí wọ́n rí ní Japan ní 1949 lára ìbátan Bacillus inú irú wa, ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn dókítà bá pa á tì. Nígbà tí oògùn yòókù kò ran kòkòrò mọ́, wọ́n padà sí i gẹ́gẹ́ bí èyí tó kẹ́yìn. Lásìkò yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, àwọn ọlọ́sìn ti ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ. Ní 2015, wọ́n bá ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lára kòkòrò inú ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà, ẹ̀rọ̀ tó lè fò láti ara kòkòrò kan sí òmíràn. Oògùn tí a tọ́jú de ọjọ́ ìkẹyìn ni a fi ń mú ẹran sanra.

Ìdí nìyí tí mi ò fi yé bu ilẹ̀. Lẹ́yìn irú, ògán ni mo kọjú sí, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ òkè àpáta. Ikán ń dáko nínú ògán. Ó ń gbin olú, olú náà sì ń hù láìsí pé èébu mìíràn gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Oko tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin, ẹni kan ló ń bá a ro ó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń lọ. Mo ń fi ṣíbí tí mo ti yan lójú iná bu ilẹ̀, mo ń kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ sára àpò rẹ̀. Nínú láàbù, a máa sá a fún ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn oníwàduwàdu tó fẹ́ràn omi lè kú, a máa fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá, ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, a máa tẹ́ ẹ sínú abọ́, a máa dúró. Ní ọjọ́ kẹwàá ni Streptomyces yóò yọjú, bí ẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ó ti ta gbòǹgbò sínú oúnjẹ náà, abẹ́rẹ́ kì í tètè yọ ọ́. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, òórùn òjò àkọ́rọ̀ ni ẹ óò gbọ́. Ẹ̀dá yìí gan-an ló ń mú kí ilẹ̀ rùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ kán sí i lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo wa la ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti kékeré láìmọ orúkọ rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dá inú ilẹ̀ kì í sì í gbà láti hù nínú abọ́ wa. Ní Amẹ́ríkà, Kim Lewis àti Slava Epstein rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n há kòkòrò sínú pátákó oníhò wẹ́wẹ́, wọ́n tún rì í padà sínú ilẹ̀ tirẹ̀ kó lè dàgbà nílé. Ọ̀nà yẹn ló mú teixobactin jáde ní 2015. Ní 2025, àwọn ará Yunifásítì McMaster ní Kánádà kéde lariocidin, láti inú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ní ìlú Hamilton. Wọ́n tọ́ kòkòrò inú ilẹ̀ náà fún nǹkan bí ọdún kan gbáko kí àwọn tí kò kánjú lè rí àyè jáde. Ọmọ ìbátan Bacillus ló ń ṣe é, ó sì ń pa Acinetobacter. Sùúrù ni wọ́n fi jù wá lọ níbẹ̀, ìyẹn ọwọ́ wa tó. Àmọ́ wọ́n tún fi iná tí kì í lọ jù wá lọ. Lọ́dún kan, iná lọ lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, gbogbo omi oró tí a ti fi ọdún méjì yọ bàjẹ́ nínú fíríìsà. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún.

Bí a bá tilẹ̀ rí oró tuntun, ọ̀nà ṣì jìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò lára eku, lẹ́yìn náà lára èèyàn ní ìpele mẹ́ta, ọdún mẹ́wàá lè kọjá. Ilé iṣẹ́ Achaogen ní Amẹ́ríkà là á já: ìjọba gba oògùn wọn, plazomicin, wọlé ní June 2018. Ní April 2019, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá sílé. Oògùn tuntun bẹ́ẹ̀, ńṣe ni a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ẹni tí nǹkan ti burú fún, ohun tí a tọ́jú pamọ́ kì í sì í mówó wá kíákíá. Nítorí náà, mo gbà pé ọjà kò lè dá ṣe iṣẹ́ yìí. Owó ìlú ni yóò ṣe é, bí owó ìlú ṣe ń la títì. Tiwa kò sì ní láti jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń wọn ìwúwo èròjà, tí iná oòrùn ń gbé, tí láàbù Benin, Togo àti Nàìjíríà jọ ń lò, ì bá ti sọ oṣù méje wa di ọ̀sẹ̀ méjì.

A tọ́jú Acinetobacter ọmọkùnrin zémijàn yẹn. Ó wà nínú fíríìsà, òun ni a fi ń dán gbogbo ohun tí a bá rí wò. Oró irú kò ràn án, nítorí ìgànná méjì ló wà lára irú kòkòrò yẹn, bacitracin kò sì lè gba ti òde kọjá. Láti ìgbà náà, nínú gbogbo ohun tí a ti kan án, Streptomyces kan ṣoṣo láti inú ògán ẹsẹ̀ òkè ló ti ṣe òrùka sí i: mílímítà mẹ́sàn-án. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ohun tí ayé ti mọ̀. Ó lè jẹ́ oró tí yóò pa èèyàn pẹ̀lú. A ti kọ ìwé àdéhùn, a ti fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ránṣẹ́, èsì kò tíì dé.

Kó tó dé, àwọn oògùn àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin èèyàn Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin Nàgó níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ má ra kápúsù lórí àwo. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn fún ọjọ́ méje, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ má ṣẹ́ ìdajì kù de àìsàn mìíràn. Bí ọgbẹ́ kò bá jinná lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé ọyún rẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n tó kọ èkejì. Ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ bi wọ́n.